Gíráǹtì kékeré fún ètò ìtàn àdúgbò n'Ìbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á rí ẹ wá là wá lọ́yẹ̀

Ọmọ Ògùnpa:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Àwa ọ̀dọ́ kan nítòsí odò Ògùnpa la kóra wa jọ, a ò pọ̀, a fẹ́ẹ́ ṣètò kan táwọn àgbà tó rí Omíyalé 1980 á fi jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, kí wọ́n sọ ohun tójú wọn rí, káwọn ọmọ bi wọ́n ní ìbéèrè, ká sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Sunday 31 August 1980 yẹn ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí, àwọn tó sì ti di ìyálé ilé àti baálé ilé nígbà náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tá ò bá tètè ṣe é a ò ní rẹ́ni bi mọ́. Owó tá a nílò ò pọ̀, àga, maikí, owó ọkọ̀ àwọn bàbá àti ìyá, ẹ̀rọ tó lè gba ohùn dáadáa. Ẹnì kan ní kí n lọ wá àwọn humanities council Amẹ́ríkà, àwọn àjọ tó ń fi owó ti iṣẹ́ ìtàn, èdè àti àṣà lẹ́yìn, pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè ní owó kékeré fún irú nǹkan báyìí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n lè fún àwa tá a wà n'Ìbàdàn? A ò tíì ní CAC o, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Báwo lẹ sì ṣe ń kọ ìwé ọ̀hún gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wò mí níran.

Àǹtí Akọ̀wé, Bódìjà:
Ẹ kú èrò rere. Kẹ́ ẹ tó lọ wá ẹni tó máa fún yín lówó, ẹ kọ́kọ́ jókòó kọ ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ kí àdúgbò jọ rò. Mo ti ka ìwé ìbéèrè owó púpọ̀ látọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ n'Ìbàdàn yìí, ibi tó sábà máa ń dà rú nìyẹn. Ojú ewé kìíní á sọ pé a máa ṣe ètò ńlá, ìlù á wà, ijó á wà, oúnjẹ á wà, a máa fún àwọn àgbà ní sàtífíkéètì, ẹni tó ń kà á á kà á tán, kò ní mọ ohun táwọn èèyàn fẹ́ẹ́ bára wọn sọ. Owó humanities, ọ̀rọ̀ àti ìrònú ló wà fún, ìtàn, èdè, àṣà, ẹ̀sìn, ohun tó tọ́ àti ohun tí ò tọ́ nínú bá a ṣe ń bára wa gbé. Ìlù lè wà níbẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìlù nìkan wọ́n á ní kẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún òṣèré lówó lọ.

Omíyalé tẹ́ ẹ mú yìí lọ́rọ̀ nínú gan-an. Kí ló dé táwọn èèyàn tún padà kọ́lé sétí odò lẹ́yìn 1980? Ta ló kọ́kọ́ pariwo pé omi ń bọ̀, ta ló gbọ́, ta ni ò kà á sí? Ilé ta ni wọ́n sá lọ? Òkú tí wọn ò mọ ilé ẹ̀, ta ló sin ín, mùsùlùmí ni àbí kìrìsìtẹ́nì, báwo ni wọ́n ṣe fẹnu kò? Nígbà tí omi tún dé ní 26 August 2011, kí làwọn tó ti rí ti 1980 sọ fáwọn ọmọ wọn? Lẹ́yìn ti 2011 yẹn World Bank yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé n'Ìbàdàn, iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àwọn ẹnjiníà ti wọn odò, wọ́n ti wo afárá. Ohun tí ìyá kan tó di ọmọ mú lórí òrùlé mọ̀ nípa odò yẹn ò sí nínú ìwé wọn. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín wà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sójú ewé kìíní, ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ tó dárúkọ àga tàbí maikí.

Ọmọ Ìbàdàn ní Maryland:
Àbúrò mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ òótọ́ kẹ́ ẹ má baà fi àsìkò ṣòfò, àwọn council yẹn kì í fún ẹgbẹ́ tó wà n'Ìbàdàn lówó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, 56 ni gbogbo wọn tá a bá ka Washington DC àtàwọn erékùṣù wọn mọ́ ọn, ẹgbẹ́ tó wà nínú ìpínlẹ̀ yẹn tó sì ń ṣètò fáwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ń bá ṣe. National Endowment for the Humanities tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1965 ni púpọ̀ nínú owó wọn ti ń wá. Ní April 2025 ìjọba ṣàdédé fagi lé owó tí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn, Mellon Foundation sáré gbé mílíọ̀nù 15 dọ́là kalẹ̀ kí wọ́n lè mí, kò tó ohun tí wọ́n pàdánù, àwọn kan nínú wọn sì ní láti dá gíráǹtì kékeré dúró. Torí náà kódà àwa tá a wà níbí ò lè fọkàn sí i bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ pa fọ́ọ̀mù wọn tì. Ẹ lọ kà á, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn, torí ohun tí wọ́n ń béèrè làwọn tó kù náà ń béèrè níbikíbi. Wọ́n á bi yín pé ta ni ètò yìí wà fún, báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ nípa ẹ̀, ta lẹni tó ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà tó máa wà níbẹ̀, kí ni iṣẹ́ ẹni yẹn gan-an, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí sí rere. Wọn kì í sanwó ohun tẹ́ ẹ ti ṣe tán, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, wọn kì í sanwó ilé kíkọ́, wọn kì í sanwó fún ètò tẹ́ ẹ fi ń wá owó mìíràn, wọn ò sì ní fún yín lówó kẹ́ ẹ fi pe àwọn èèyàn jọ láti ní kí wọ́n dìbò fún ẹnì kan tàbí kí wọ́n ti òfin kan lẹ́yìn. Ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń jà nílẹ̀, kí gbogbo ìhà ráyè sọ tiwọn.

Ohun tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù ni owó ìfikún. Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè pé kí ẹgbẹ́ mú dọ́là kan wá fún dọ́là kan tí àwọn bá fún un. Kò dìgbà tó bá jẹ́ owó lọ́wọ́ o. Họ́ọ̀lù tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, wákàtí tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni lò, kánópì tẹ́nì kan yá yín, gbogbo ẹ̀ ló wọ inú ìṣirò. Níbí àwọn èèyàn máa ń lo iye tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Independent Sector ń gbé jáde lọ́dọọdún fún wákàtí olùyọ̀ǹda kan, 33.49 dọ́là ni wọ́n gbé jáde ní 2024. Ẹ má gbé iye yẹn wá s'Íbàdàn o, ẹ lo ohun tẹ́ ẹ bá máa san fún ẹlòmíì tó bá wá ṣe irú iṣẹ́ yẹn lágbègbè yín, kẹ́ ẹ sì lè ṣàlàyé ẹ̀.

Lọ́yà Ìyágànkú:
Mo fẹ́ẹ́ dá sí ti CAC. Incorporated trustees ni irú ẹgbẹ́ yín máa forúkọ sílẹ̀ sí, ó wà ní Part F nínú CAMA 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ẹ máa kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ máa yan àwọn trustee, ìyẹn àwọn alábòójútó ẹgbẹ́, ẹ máa kéde sínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá ní nǹkan láti sọ lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Ẹ má fi ọ̀rẹ́ yan trustee, ẹ yan ẹni tó máa wá sí ìpàdé tó sì máa buwọ́ lùwé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, mo ti rí ibi tí owó dé tí ẹni tó yẹ kó buwọ́ lùwé ti lọ sí Kánádà.

Tí CAC bá jáde, báǹkì máa béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti money laundering, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún yín. Abẹ́ EFCC ni SCUML wà, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀, owó iṣẹ́ ara ẹ̀ ló gbà, ìjọba ò ní kó gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, annual return, ìròyìn ọdọọdún nípa ẹgbẹ́ yín. Láàárín 30 June sí 31 December lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi í ṣọwọ́ sí CAC, ọdún tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni kò kàn yín. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ń gbàgbé èyí. Ẹni tó fẹ́ẹ́ fún wọn lówó á lọ wo orúkọ wọn lórí ìkànnì CAC, á bá a pé wọ́n kọ inactive síbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ètò kan péré lẹ fẹ́ẹ́ ṣe lọ́dún yìí, èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ dúró de CAC. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé pípé kí wọ́n gba owó yẹn lórúkọ yín. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀ka aláàánú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọ́n wà. Àmọ́ ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ta ló máa buwọ́ lu owó, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí owó bá wọlé ni wọ́n máa fún yín, èló ni tiwọn, ta ló ni ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn kì í kọ, òun ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Ọmọ Ògùnpa:
Ha, ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́yà, ẹgbẹ́ kan wà tó ní ìwé, a ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan nínú wa ń bínú, wọ́n ní ìyẹn ti fẹ́ẹ́ jọ rẹ́jẹ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ìkejì, ṣé a máa fún àwọn àgbà lówó ni àbí a ò ní fún wọn?

Ìyá Àkáǹtì, Ring Road:
Kì í ṣe rẹ́jẹ tó bá wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí olówó, ìyẹn ẹni tó fún yín ní gíráǹtì, sì rí i. Àwọn náà máa ṣe ìwé, wọ́n máa dáhùn lọ́dọ̀ olówó, wọ́n máa san owó báǹkì. Rẹ́jẹ ni tí wọ́n bá yọ ọ́ láìsọ, tẹ́ ẹ wá lọ fi kún owó àga láti fi bò ó. Ẹ kọ ọ́ síta gbangba, ẹ pè é ní owó àbójútó. Àwọn olówó kan ò ní gbà ju iye kan lọ, torí náà ẹ ka ìlànà wọn kẹ́ ẹ tó fẹnu kò pẹ̀lú ẹgbẹ́ yẹn.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, ẹ gbọ́. Ẹ má jókòó sílé kọ iye sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń yá àga àti kánópì, ẹ gba ìwé iye lọ́wọ́ wọn, kí déètì wà lórí ẹ̀, torí iye àná kọ́ ni iye òní mọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara ẹ̀ ní June 2023 ni olówó òkè òkun náà ti mọ̀ pé nǹkan ń yí. Tó bá jẹ́ dọ́là ni wọ́n fẹ́, ẹ kọ náírà, ẹ kọ dọ́là, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fi ṣẹ́ ẹ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Epo jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ lítà mélòó fún wákàtí mélòó. Ẹ má kọ "oríṣiríṣi" síbì kankan, ìlà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé nínú iṣẹ́ ohùn ni kíkọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan tí bàbá kan bá fi sọ̀rọ̀ lè gba ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, tó bá tún jẹ́ Yorùbá tẹ́ ẹ fẹ́ kí àmì wà lórí ẹ̀ dáadáa ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ní wákàtí mẹ́wàá ohùn, ẹ ṣírò ẹ̀. Mo rí i pé ẹgbẹ́ púpọ̀ ń ná gbogbo owó tán lórí ọjọ́ ètò, ohùn á wá wà lórí fóònù ẹnì kan títí fóònù yẹn á fi bọ́ sómi tàbí tí wọ́n á jí i. Èmi á ní kẹ́ ẹ ya nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn sọ́tọ̀ fún ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ètò, kẹ́ ẹ tó ya ti àga.

Rìsíìtì ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé onímíkírà ò ní já rìsíìtì fún yín, ọlọ́kadà ò ní já. Ẹ ṣe ìwé ìrìnnà, orúkọ ẹni tó wọkọ̀, ibi tó ti wá, ibi tó lọ, iye, déètì, kó buwọ́ lù ú, àgbà tí ò bá lè kọ̀wé kó tẹ̀ka. Mo ti rí olówó tó gba irú ìwé yẹn láìjanpata torí pé wọ́n ti sọ fún un ṣáájú.

Tíṣà Kúdẹtì:
Lórí ìbéèrè kejì. Ẹ fún wọn. Ìyá tó fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà sílẹ̀ wá jókòó tì yín, tó sọ ọjọ́ tó sin ọmọ ẹ̀ fún yín, kò yẹ kó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì bíi owó ìmọ̀, bákan náà tẹ́ ẹ kọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá wá láti yunifásítì. Mi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní àpò-ìwé tí nǹkan wà nínú ẹ̀, tí wọ́n á fún ìyá àgbà ní bískíìtì àti mínírà.

Bàbá Ọ̀jẹ́:
Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n níbi tí èmi ti mọ̀ ọ́n, tí owó bá ti wọ ìtàn, ìtàn á yí padà. Ẹni tí ò sí n'Ìbàdàn ní 1980 á wá sọ pé òun rí omi. Ẹ fún wọn lóúnjẹ, ẹ gbé wọn wá, ẹ gbé wọn padà, ẹ fún wọn ní fọ́tò àti ohùn ara wọn. Ìyẹn tó.

Tíṣà Kúdẹtì:
Bàbá, òtítọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọ̀nà tí mo rò pé ó lè gbà á ni pé kí iye wà bákan náà fún gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀, yálà ó sọ púpọ̀ tàbí díẹ̀, kí wọ́n ti mọ iye yẹn ṣáájú, kó má sì jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló máa yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Àwọn ará agboolé mọ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ bá mọgàjí, ẹ lọ bá alága àwọn onílé, ẹ lọ bá ìyálójà etí ibẹ̀, kẹ́ ẹ mú nǹkan díẹ̀ dání, kẹ́ ẹ má mú kámẹ́rà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. N'Ìbàdàn tiwa yìí tẹ́ ẹ bá wọ agboolé tẹ́ ẹ ò rí mọgàjí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ á kúrú.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìwé àṣẹ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kà á sókè fún wọn, ẹ gba "mo gbà" wọn sínú ohùn fúnra ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò détà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àwọn olówó sì ti ń béèrè ẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá kí orúkọ wọn jáde, bóyá kí ohùn wọn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àbí kó mọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lè yí ọkàn padà. Ẹ̀mí bọ́ nínú omi yẹn, àwọn kan ò tíì sọ ọ́ fún ọmọ wọn rí. Tí ìyá bá dákẹ́, kí ọmọ má tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnì kan tó dàgbà, obìnrin ló dáa jù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó lè mú un jáde sí ìta kó fún un lómi.

Ti ọjọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ẹ sí 31 August. Òjò, ẹ rántí o. Lábẹ́ páànù tí òjò ń rọ̀ lé, ẹ ò ní gbọ́ ohùn kankan. Ẹ lè ṣe ìrántí lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ gba ohùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má gbé e sí àsìkò ààwẹ̀, ẹ má gbé e sí ọjọ́ Òkèbàdàn, ó sábà máa ń bọ́ sí March. Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ Saturday ló máa ń dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa.

Ọmọ Òkè-Àrẹ̀mọ:
Ẹ jẹ́ n sọ ti ibi tí owó lè wà, torí gbogbo wa ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lo àwọn ọmọ ẹ̀, ó máa ń ní owó ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, wọ́n sì fẹ́ràn kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà lórí nǹkan gidi. Àwọn oníṣòwò Ògùnpa àti Dùgbẹ̀. Central Council of Ibadan Indigenes. Ilé iṣẹ́ rédíò, Splash 105.5, Fresh 105.9, àtàwọn mìíràn, ẹ má béèrè owó lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè àsìkò lórí afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ wá kọ iye àsìkò yẹn sí abẹ́ ohun tí àdúgbò mú wá, bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Maryland ṣe wí.

Ní UI, Institute of African Studies ti wà níbẹ̀ láti 1962, IFRA, ilé ìwádìí ti àwọn Faransé náà ti wà lọ́gbà yẹn láti 1990. Ẹ lọ síbẹ̀ fún èèyàn àti ìmọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa kọ lẹ́tà fún yín, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ tíísìsì lórí ìtàn ìlú, ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Goethe-Institut ní Èkó àti British Council náà máa ń kéde àǹfààní fún iṣẹ́ àṣà, ẹ máa wo ìkànnì wọn fúnra wọn, ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kẹ́ ẹ tó gba gíráǹtì, gbájúẹ̀ ni.

Ohun kan wà tó jọ tiyín ṣùgbọ́n tó yàtọ̀. Endangered Archives Programme ti British Library, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2004, owó àjọ Arcadia ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwé àtijọ́ àti fọ́tò àtijọ́ tó fẹ́ bàjẹ́ ni wọ́n ń sanwó kí wọ́n ya sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó jẹ́ ojúlówó á sì wà nílùú tó ti wá. Wọn ò ní sanwó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tuntun. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ilé bàbá kan tó gbé àpótí lẹ́tà àti fọ́tò bàbá ẹ̀ jáde, ẹ má kó o lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìwé ìbéèrè owó mìíràn nìyẹn, lọ́dún mìíràn.

Bàbá Ọ̀jẹ́:
Kí n fi kan kún un. Mbari Club tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn wa níbí ní 1961, tí Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, Chinua Achebe, Ulli Beier àtàwọn mìíràn wà níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Congress for Cultural Freedom wà lára àwọn tó fún wọn lówó. Nígbà tó di nǹkan bí 1966 sí 1967 ni ayé wá gbọ́ pé CIA ló ń fi owó ránṣẹ́ sí Congress yẹn lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ Mbari ò torí ẹ̀ di ahẹrẹpẹ, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ máa bi olówó pé níbo lowó yín ti wá, kí lẹ sì fẹ́ gbà padà. Tó bá jẹ́ òṣèlú tó fẹ́ kí fọ́tò òun wà lára báńà ni, ẹ sọ pé ẹ ṣé.

Ọmọ Ògùnpa:
Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ wo ohun tá a kọ sí ìbẹ̀rẹ̀: "Omi Ògùnpa kún bo àdúgbò wa ní 31 August 1980, ó tún kún ní 2011. Láàárín méjèèjì, àwọn èèyàn padà sétí odò. A fẹ́ẹ́ mọ ìdí ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó padà. Ní ìrọ̀lẹ́ Saturday mẹ́rin, àwọn àgbà àti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì máa jókòó pọ̀ lórí ìbéèrè mẹ́ta: ta la gbọ́ràn sí nígbà ewu, ta la jẹ ní gbèsè lẹ́yìn ewu, kí ló mú kí ilé jẹ́ ilé. Onímọ̀ ìtàn kan á wà níbẹ̀ láti so ohun tí wọ́n bá sọ mọ́ ìtàn ìlú. A máa gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ, a máa kọ ọ́ ní Yorùbá, a máa fún ìdílé kọ̀ọ̀kan àti ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀dà. A tún máa fi ètò yìí mú ìṣọ̀kan àti ìdàgbàsókè alágbèéró bá àwùjọ."

Àǹtí Akọ̀wé, Bódìjà:
Ó wú mi lórí. "Ta la jẹ ní gbèsè lẹ́yìn ewu" yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ẹ yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń kọ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Dípò ẹ̀, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ètò náà ṣiṣẹ́. Fún àpẹẹrẹ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan tó ní kó tó gbọ́ ìtàn, kó tún kọ òmíràn lẹ́yìn tó gbọ́ ọ. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ẹ fi wọ́n sínú rípọ́ọ̀tù. Olówó tó bá ka ìyẹn á rí ohun tó yí padà lórí àwọn ọmọ yẹn ju kẹ́ ẹ kọ iye èèyàn tó wá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ka èèyàn náà.

Ẹ tún sọ iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn yẹn síwájú sí i. Ṣé ó máa sọ̀rọ̀ ni, ṣé ó máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń béèrè, ṣé ó máa ka ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ kó tún un ṣe? Tó bá kàn wá jókòó sí high table, ẹ fi owó ẹ̀ ra bátìrì.

Ọmọ Ìbàdàn ní Maryland:
Lórí ẹ̀dà ohùn. Ẹ tọ́jú ẹ síbi mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan má sí nílé kan náà pẹ̀lú èyí tó kù, kí ọ̀kan sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi déètì àti àdúgbò sọ fáìlì lórúkọ, ẹ má jẹ́ kó máa jẹ́ "ohùn tuntun 7". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí láíbìrì Kenneth Dike ní UI tàbí ibòmíràn gba ẹ̀dà, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn máa gbà á, kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Olówó máa ń pe irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ láti béèrè.

Ọmọ Ògùnpa:
A ti yọ gbólóhùn yẹn. A ti rí mọgàjí méjì, wọ́n gbà. A ń wá ẹni tó lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí kọ̀ǹpútà, ohùn tá a máa gbà á pọ̀ ju ọwọ́ wa lọ.

Olùtẹ̀wé Mọ́kọ́lá:
Èmi lè tẹ̀ ẹ́, tíṣà Yorùbá ni mí, mo sì láwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Tèmi ò la owó lọ, ilé ìyá mi wà lára èyí tí omi yẹn gbé. Ẹ kọ wákàtí mi sí abẹ́ ohun tí àdúgbò mú wá, ṣùgbọ́n ẹ kọ owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn síbi owó tẹ́ ẹ ń béèrè, wọ́n ní ìwé láti rà. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́ kí n fi wo bí ohùn ṣe mọ́ tó.